Eré Àárọ̀ ní Gwagwalada: Ìlépa Tí Apá Lè Ká

Oṣù Kìn-ín-ní ni ìpinnu máa ń pọ̀ jù. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, eruku ṣì bo ojú òpópónà, ṣùgbọ́n ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ ti ń fún un láti ìgbà ọdún Kérésì ti ra kánfáàsì tuntun. Ó ti sọ fún ará ilé, ó ti sọ fún ará ọfíìsì, pé kìlómítà márùn-ún lòun á máa sá láràárọ̀, àti pé kí ọdún Àjíǹde tó dé, kílò mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ti kúrò lára òun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ìgbà tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ girama, eré tó gùn jù tó sá náà ni èyí tó fi lé bọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbéra. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó sá a. Lọ́jọ́ kejì, ó fọwọ́ di ògiri mú kó tó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kẹta, orúnkún ti wú. Kí oṣù Kejì tó parí, kánfáàsì ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀lẹ kọ́ ni onítọ̀hún. Ohun tó dá lé ló ju ohun tí ara rẹ̀ lè gbé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi eré sísá mú ara bọ̀ sípò, ọjọ́ àti ìṣẹ́jú ni kó máa kà. Kó fi kíka kílò sílẹ̀ ná, kó sì jẹ́ kí máratọ́ọ̀nù dúró de ìgbà tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará Gwagwalada gan-an. Ìlú náà wà lójú ọ̀nà tó ti Zuba lọ sí Lọ́kọ́jà, ó sì fi nǹkan bíi kìlómítà 50 jìnnà sí àárín gbùngbùn Àbújá. Àwọn Gbagyi àti Bassa wà lára àwọn tó ti ń gbé ilẹ̀ náà tipẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yà ló ti para pọ̀ síbẹ̀ báyìí, Yorùbá ò sì gbẹ́yìn: òṣìṣẹ́ ìjọba, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yunifásítì, oníṣòwò inú ọjà, olùkọ́ yunifásítì. Yunifásítì Àbújá tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, Gwagwalada ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú Àbújá. Wọ́n á ti wọ ọkọ̀ kí aago mẹ́fà tó lù, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó padà wọlé. Wọ́n á jókòó nínú ọkọ̀ lọ, wọ́n á jókòó ní ọfíìsì, wọ́n á tún jókòó nínú ọkọ̀ bọ̀. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú Àbújá, ṣùgbọ́n ní Gwagwalada, ọ̀kadà ń dúró de èèyàn ní gbogbo oríta, débi pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti títì dé ilé pàápàá, orí ọ̀kadà ni wọ́n ń parí rẹ̀ sí. Ara tó ti jókòó báyìí fún ọdún mẹ́wàá yàtọ̀ sí ara tó gba bọ́ọ̀lù ní ilé ẹ̀kọ́ girama, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni kan náà ló ni méjèèjì.

Ọkùnrin kan wà tó fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ yìí, olùkọ́ eré ìdárayá sì ni. Bill Bowerman lorúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn asáré ní Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà, òun kan náà ló wá di ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ilé iṣẹ́ Nike sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 1962 ń parí lọ, ó lọ kí Arthur Lydiard ní New Zealand. Gbogbo ayé ló ti gbọ́ orúkọ Lydiard nígbà náà, torí méjì nínú àwọn tó kọ́, Peter Snell àti Murray Halberg, ló gba wúrà níbi Òlíńpíìkì Róòmù lọ́dún 1960. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọ̀gá asáré nìkan ni Lydiard ń kọ́. Ó ti kó àwọn èèyàn lásán jọ ní ìlú Auckland, àgbà ọkùnrin àti àgbà obìnrin, títí kan àwọn tí àrùn ọkàn ti kọ lù rí, wọ́n ń sáré díẹ̀díẹ̀ pọ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Sunday.

Bowerman bá wọn jáde. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì gbà pé ara òun le. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé ibi òkè, èémí tán nínú rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ṣíwájú. Bàbá kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí àìsàn ọkàn ti ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ló rọra dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi parí. Olùkọ́ asáré ò lè dáhùn, torí kò rí èémí fi sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà délé, ó kó àwọn ará ìlú rẹ̀, Eugene, jọ, ó ń kọ́ wọn ní ohun tó rí. Lọ́dún 1967, òun àti dókítà ọkàn kan, W. E. Harris, gbé ìwé kékeré kan jáde lórí eré díẹ̀díẹ̀. Ìwé náà tà wàràwàrà, ó sì wà lára ohun tó sọ eré àárọ̀ di àṣà káàkiri Amẹ́ríkà.

Ohun tí bàbá àgbàlagbà yẹn fi han Bowerman ni ìwọ̀n tó dára jù tí ẹnikẹ́ni lè lò ní Gwagwalada, kò sì gba ẹ̀rọ, kò gba owó. Bí èèyàn bá ń sáré, tó bá lè sọ̀rọ̀, eré náà mọ níwọ̀n. Ọmọ Yorùbá kò lè kọjá lára àgbà láìkí i, nítorí náà ìkíni ni kó fi ṣe ìwọ̀n. Bí ó bá lè sọ pé "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé dáadáa la jí, àwọn ọmọ ńkọ́?" láìgé e sí méjì, kó máa bá eré lọ. Bí "ẹ káà…" bá ti há a lọ́fun, ó ti sáré jù, kó rìn díẹ̀. Mallam tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà náà, "ina kwana" tí a bá fi èdè Hausa kí i gbọ́dọ̀ jáde pé.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iye tó yẹ kí èèyàn sá. Lọ́dún 1996, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, ṣe ètò kan fún ẹni tí kò tíì sáré rí, ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún sì wà lára àwọn tó ní lọ́kàn. Couch to 5K ni wọ́n ń pe ètò náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó sì ń gbé ẹni tí kò sáré rí dé ibi tí yóò ti sá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró. Ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e sórí fóònù fún àwọn ará ìlú wọn, ẹnikẹ́ni lè fi agogo ọwọ́ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo àárọ̀ Sátidé kìn-ín-ní bó ṣe máa ń rí. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ìrìn kánmọ́kánmọ́ ni, irú èyí tí a fi ń lọ sọ́jà tí a ò fẹ́ kí ọjà ó tú. Lẹ́yìn náà, kí èèyàn sáré fún ìṣẹ́jú kan péré. Kí ó rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Kó tún sáré ìṣẹ́jú kan, kó tún rìn ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, títí tí ogún ìṣẹ́jú yóò fi pé. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni onítọ̀hún fi sáré nínú gbogbo rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń kùnà nìyí, torí ìṣẹ́jú mẹ́jọ máa ń dà bí ohun ìtìjú lójú wọn. Wọ́n á ní àwọn ò rẹ̀ ẹ́, àwọn lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, wọ́n lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ ètò náà ń wo ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí eegun àti iṣan yóò ti lágbára láti gbé eré tó gùn.

Ó yẹ ká dúró síbí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni orúnkún ti ń bàjẹ́. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè mọ́ eré lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀ á rí i pé èémí òun ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n eegun, oríkèé, àti àwọn iṣan líle tó so ẹran ara mọ́ eegun, kì í tètè le bẹ́ẹ̀. Oṣù ni tiwọn ń gbà. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ asáré bá sì balẹ̀, agbára tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ ló ń bọ́ lé ẹsẹ̀ kan náà. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kẹrin ló léwu jù: èémí ti dára, ayọ̀ ti dé, èèyàn á fẹ́ sọ kìlómítà méjì di márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojúgun ló máa kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, tàbí gìgísẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá kàn ń ro díẹ̀, tó sì lọ láàárín ọjọ́ méjì, kò burú. Bí ó bá jẹ́ ojú kan pàtó ló ń dun èèyàn, tó ń dùn sí i bó ṣe ń sáré, kó dáwọ́ dúró, kó máa rìn títí tí yóò fi san.

Kí wá ni ìlépa tó bójú mu? Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé ti dá àwọn òǹkàwé lóhùn láìmọ̀. Ní ọdún 2020, àjọ náà sọ pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó mọ níwọ̀n, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, tàbí ìṣẹ́jú 75 fún èyí tó le, bí eré sísá. Ẹ pín ìṣẹ́jú 75 sí mẹ́ta: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìlépa tó tó nìyẹn fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ tó ń ti Gwagwalada lọ sí Àbújá lè mú Sátidé, kó mú Sunday kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó wá ìrọ̀lẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Mùsùlùmí tó ti jí fún ìrun àsùbáà ti ní àǹfààní tí ẹlòmíì ń wá. Bí ó bá kírun tán, kó má padà sùn.

Ká má tan ara wa, àwọn ọ̀sẹ̀ kan yóò bọ́ sọ́nù. Ibà á ṣe èèyàn. Òkú àgbà á ṣẹlẹ̀ nílé, yóò sì di dandan láti wọkọ̀ lọ sí Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìlépa tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún irú èyí, ọjọ́ kìn-ín-ní tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ló máa fọ́. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ló yẹ lóṣù. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ti ṣe dáadáa, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sinmi, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé dúró, kó padà sẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì nínú ètò náà. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án bá di mẹ́rìndínlógún fún, kò pàdánù ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ kílò ńkọ́? Òun ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn jáde nílé, òun náà ló ń lé wọn padà sílé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kìlómítà kan tí èèyàn bá sá, á jó nǹkan bíi kálórì kan fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹni tó wúwo tó kílò 80, tó sá kìlómítà mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, jó nǹkan bíi kálórì 720. Kílò kan ọ̀rá ara tó nǹkan bíi kálórì 7,700. Ìyẹn ni pé, bí oúnjẹ rẹ̀ kò bá yí padà, ó máa gbà á lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kí kílò kan ṣoṣo tó lọ. Kílò mẹ́wàá kí Àjíǹde tó dé? Eré nìkan ò lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀, ìgò mínírà kan tó jẹ́ sẹ́ńtílítà 50 ní nǹkan bíi kálórì 200 nínú. Ẹni tó ń mu ọ̀kan lójoojúmọ́, tó wá fi omi rọ́pò rẹ̀, ti yọ 1,400 kúrò lọ́sẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí eré rẹ̀ jó. Inú abọ́ àti inú ìgò ni ikùn ti ń fà. Ohun tí eré ń ṣe yàtọ̀: ó ń mú ọkàn lágbára, ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, ó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà bó ṣe yẹ, oorun á sì dùn. Gbogbo èyí lè bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i nínú dígí.

Èyí náà ló jẹ́ kí aṣọ náílọ́ọ̀nù tí àwọn kan ń wé mọ́ ikùn, àti sùwẹ́tà tí wọ́n ń wọ̀ nínú oòrùn, jẹ́ àṣà tó yẹ ká fi sílẹ̀. Òógùn ló ń jáde, omi ni òógùn, ife omi méjì á sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Gwagwalada máa ń gbóná gan-an. Ní oṣù Kẹta, ọ̀sán rẹ̀ sábà máa ń lé ní ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá di ara pa mọ́ inú náílọ́ọ̀nù nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ ti dí ọ̀nà tí ara fi ń tu ara rẹ̀ lára, ó sì lè dá kú.

Bàtà ló kù. Tuntun wọ́n, kò sì pọn dandan. Òkìríkà inú ọjà Gwagwalada lè ṣe é, bí olùrà bá mọ bí a ṣe ń wò ó. Kó gbé bàtà náà dání, kó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ sóòlù rẹ̀: bí ó bá le gbagidi tí kò jẹ́ kí ọwọ́ wọlé rárá, fóòmù inú rẹ̀ ti kú, bó ti wù kí òkè rẹ̀ mọ́ tó. Kó tẹ̀ ẹ́ síwájú; ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ni bàtà náà gbọ́dọ̀ ti tẹ̀, kì í ṣe àárín. Kó gbé e sórí pákó tó tẹ́jú, kó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìrìn ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti jẹ ẹ́, yóò sì fa ẹsẹ̀ ẹni tuntun lọ sí ọ̀nà kan náà. Ìrọ̀lẹ́ ló dára láti ra bàtà eré, torí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò kan sì gbọ́dọ̀ wà níwájú ọmọ ìka.

Kí asáré sá fún ojú ọ̀nà Zuba sí Lọ́kọ́jà. Tírélà kì í dúró níbẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Àwọn òpópónà inú àdúgbò Phase 1 dé Phase 3 sàn jù, pápá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá gba èèyàn láàyè sí tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ilẹ̀ pupa máa ń rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn ju ọ̀dà lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní, oòrùn kì í yọ títí aago mẹ́fà ààbọ̀ yóò fi kọjá. Ní oṣù Kẹfà, kété lẹ́yìn aago mẹ́fà ló ń yọ. Kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan sá lójú ọ̀nà igbó kí ilẹ̀ tó mọ́, pàápàá jù lọ obìnrin. Méjì tàbí mẹ́ta nínú àdúgbò kan lè máa jáde pọ̀. Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá pọ̀ débi pé òkèèrè ò ṣeé rí, ìrìn nínú ilé tàbí gígun àtẹ̀gùn ti tó.

Ohun kan tún wà tí ètò òyìnbó kò mẹ́nu bà. Láàárín wa, bí èèyàn bá sanra, a máa ń kí i pé ara rẹ̀ ń dán. Bí ó bá rù, a ó bi í pé, "Ṣé kò sí o? Ṣé ara le?" Ẹni tó ń sáré á gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gbọ́ ọ ní mọ́sálásí, á sì gbọ́ ọ gidi gan-an lẹ́nu ìyá rẹ̀ bí ó bá délé. Kó múra ìdáhùn sílẹ̀. "Ara le mà, eré ni mò ń sá" ti tó.

Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá ti mọ́ ọn lára fún oṣù mẹ́fà, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìdíje kàn. Kìlómítà mẹ́wàá ni ìpele tó kàn. Ní Okpekpe, ní ìpínlẹ̀ Edo, wọ́n ti ń sá ìdíje kìlómítà mẹ́wàá láti ọdún 2013, lórí òkè tó ń mú àwọn asáré ilẹ̀ òkèèrè pàápàá láàgùn. Máratọ́ọ̀nù Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2016, ní kìlómítà mẹ́wàá tirẹ̀ pẹ̀lú. Kìlómítà 42 ti máratọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọdún méjì ni kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí àga pè é, kò sì sí ohun tó ń lé e.

Kí ẹnikẹ́ni tó sá ìṣẹ́jú kìn-ín-ní, kó lọ wọn ìfúnpá. Ọ̀pọ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni kò mọ̀, torí kì í sábà dun èèyàn. Ilé ìwòsàn yunifásítì wà nínú ìlú, ẹ̀rọ náà sì wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Bí ó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí èèyàn ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí àyà ti ń dùn ún rí bó bá gun òkè, kó rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó lọ ra bàtà.